Púrósẹ́sọ̀ kejì ní Ọ̀fà: àkọsílẹ̀ GB 16 tó sọnù

Iye RAM, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, tó yẹ kí n rí lójú sáfà yẹn lẹ́yìn tí mo fi púrósẹ́sọ̀ kejì sí i ni GB 128. GB 112 ló ń kọ. Mo pa á, mo tún un tàn, mo dúró títí fáànù fi pariwo tán tó sì rọlẹ̀, 112 náà ló tún kọ. Mo wo ọmọ iṣẹ́ mi, òun náà wò mí. Mo ní, "RAM méjì ti kú nínú èyí tí wọ́n kó fún wa." Ẹnu mi ló sọ ọ́, ọkàn mi ò tíì dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ná mi ní ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó tún mú mi padà sí Ọ̀fà pẹ̀lú ojú tì mí.

Ìlọrin ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Oníbàárà tí mò ń wí yìí ní gbọ̀ngàn kan ní Ọ̀fà, níbi tí àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe JAMB ti ń fi kọ̀ǹpútà dánra wò. Sáfà kan ṣoṣo ló ń pín ìbéèrè fún gbogbo wọn láti yàrá kékeré kan tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Tòkúnbọ̀ ni, ó rí pẹlẹbẹ, ó sì wúwo bí àpò gàrí. Sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ló ní, ìyẹn ibi tí púrósẹ́sọ̀, ọpọlọ ẹ̀rọ, ń jókòó sí; èkejì ṣófo. Púrósẹ́sọ̀ Xeon E5-2650 v4 ló wà nínú àkọ́kọ́, ọ̀kan lára èyí tí Intel gbé jáde lọ́dún 2016, core méjìlá (core ni ẹ̀yà inú rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́), ìyára rẹ̀ 2.2 GHz. Ojú mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ń ki RAM bọ̀ ló wà lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, mẹ́jọ fún sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, RAM oní-GB 8 mẹ́jọ sì ti kún ti sọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́.

Lóṣù Kejìlá ni Alhaji tó ni ibẹ̀ pè mí pé bí ọmọ bá ti lé ní igba nínú gbọ̀ngàn, ẹ̀rọ á máa fà bí ìgbín. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, RAM ló ń tán. Alhaji ní, "Injiníà, ẹ ṣáà fi RAM kún un, ojú mẹ́jọ ṣì ṣófo níbẹ̀ yẹn." Ó rọrùn lẹ́nu, àmọ́ òkú ni ojú mẹ́jọ yẹn. Nínú irú ẹ̀rọ yìí, inú púrósẹ́sọ̀ gan-an ni ohun tó ń bá RAM sọ̀rọ̀ wà, kò sí lára bọ́ọ̀dù. Púrósẹ́sọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ni mẹ́jọ tirẹ̀. Bí èkejì ò bá sí níjòókòó, ẹ to RAM síbẹ̀ títí ilẹ̀ ó fi ṣú, sáfà ò ní rí i. Nítorí náà, yálà ká yọ GB 8 mẹ́jọ tó wà níbẹ̀ ká fi GB 16 mẹ́jọ rọ́pò wọn, tàbí ká ra púrósẹ́sọ̀ kejì àti heat sink rẹ̀, irin tó ń gba ooru lára rẹ̀, ká wá to GB 8 mẹ́jọ mìíràn sí ojú tirẹ̀. Mo ṣírò owó tòkúnbọ̀ lọ́nà méjèèjì. Èyí kejì ló fúyẹ́ jù lápò, ó sì tún bá core méjìlá wálé.

Ọjà kọ̀ǹpútà Ìkejà ni mo ti rà á, lọ́wọ́ ẹnì kan tí a ti jọ ń ná ọjà tipẹ́. Mo ní kó ya fọ́tò orí púrósẹ́sọ̀ náà ránṣẹ́ kó tó dì í. Kì í ṣe pé mi ò fọkàn tán an o. E5-2650 v3 àti v4 jọra bí ìbejì ni, sọ́kẹ́ẹ̀tì LGA 2011-3 kan náà ni wọ́n ń wọ̀, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sórí irin wọn ni èèyàn fi ń dá wọn mọ̀. Core mẹ́wàá ni v3 ní. Ẹ ò sì lè kó v3 àti v4 pọ̀ sínú sáfà kan, oríṣi kan náà gan-an ni méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́. Fọ́tò dé, v4 ni. Ẹrù dé gáréèjì ní Ìlọrin lọ́jọ́ Jímọ̀ kan lóṣù Kìíní, ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé mọ́, a gbéra.

Ọyẹ́ mú gan-an lọ́jọ́ náà. Láti Ìdọ̀fìàn títí dé Àjàṣẹ́-Ìpo, dẹ́rẹ́bà tan iná mọ́tò bí ẹni ń rìn lóru. Súwẹ́tà ni ọmọ iṣẹ́ mi wọ̀, ìgbà tó sì fẹ́ bọ́ ọ nínú yàrá sáfà, a gbọ́ ọ tó ń ta pàrà pàrà lára rẹ̀. Mo lé e jáde kíá. Afẹ́fẹ́ máa ń gbẹ nígbà ọyẹ́, iná a sì máa kóra jọ sára èèyàn; èyí tó kéré débi pé ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára lè ba púrósẹ́sọ̀ jẹ́ kó tó wọlé rárá. Ó fi súwẹ́tà sílẹ̀ níta, ó padà wá, ó fọwọ́ kan ara irin sáfà. Èmi ti de okùn ọwọ́ mi, mo ti fi ẹnu okùn náà gbá irin sáfà mú. Ibi tí mo ṣe dáadáa mọ lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì rí inú sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí rí, ẹ jẹ́ kí n júwe rẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ wà. Púrósẹ́sọ̀ yìí kò léyín. Abẹ́ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, àmì wúrà wínníwínní ló kún ibẹ̀. Inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ni píìnì wà, 2011 níye, ọ̀kọ̀ọ̀kan tín-ín-rín bí irun ìpéǹpéjú, orí rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ bí ìka ẹni tó ń peni. Ohun tí wọ́n ń gbé lórí kò sì ju 5.25 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn àti 4.5 ní ìbú lọ. Ẹ ó gbé e lé wọn tààrà látòkè ni, gbogbo igun rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ò ní fà á, ẹ ò ní tì í. Àmì onígun mẹ́ta wà ní igun kan lára rẹ̀, irú rẹ̀ wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Wọ́n gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu. Tó bá ti jókòó, férémù irin á bò ó, ẹ ó wá ti ọ̀pá méjèèjì pa, àwọn ló máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Agbára tó nílò wà lọ́wọ́ ọ̀pá, kò sí lọ́wọ́ yín. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, gbogbo ayé ló mọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Mo ti ṣí ọ̀pá, mo ti yọ ike tó bo sọ́kẹ́ẹ̀tì, púrósẹ́sọ̀ ti wà láàárín àtàńpàkò àti ìka mi nígbà tí wọ́n mú iná lọ. Yàrá náà kò ní fèrèsé. Sáfà ti wà ní pípa tẹ́lẹ̀, a ti yọ wáyà iná rẹ̀, ìyẹn ò mú ewu wá. Ohun tó yẹ kí n ṣe ò le: kí n dá púrósẹ́sọ̀ padà sínú páálí rẹ̀, kí n fi ike bo sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí n jókòó títí wọ́n á fi tan jẹ́nẹ́rétọ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi tan tọ́ọ̀ṣì fóònù. Alhaji dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Injiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé kò ní pẹ́ mọ́? Aago méjì làwọn ọmọ ń wọlé." Mo ní, "Ó ti tán, sà."

Mo sọ ọ́ kalẹ̀ lábẹ́ iná fóònù. Igun kan ló kọ́kọ́ kanlẹ̀. Ọwọ́ mi ló gbọ́ ọ, etí mi ò gbọ́ nǹkan kan, bí ìgbà tí èékánná bá ha aṣọ sílíìkì. Mo gbé e sókè díẹ̀, mo tún un gbé kalẹ̀, ó jókòó. Mo ti ọ̀pá pa. Mi ò wo abẹ́ rẹ̀ mọ́.

Heat sink wá ńkọ́? Mo fún thermal paste, ọ̀dà tó ń gbé ooru láti irin kan sí èkejì, sórí púrósẹ́sọ̀, mo gbé heat sink lé e, síkúrù mẹ́rin ló ń dè é. Apá ọ̀tún ni iná fóònù ń tàn sí, nítorí náà mo de méjì apá ọ̀tún le dáadáa kí n tó yí sí òsì. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí ti mi orí báyìí.

Bí iná ṣe dé, a tan sáfà. Púrósẹ́sọ̀ méjì, core mẹ́rìnlélógún, inú mi dùn. RAM, 112. Sáfà tiẹ̀ dárúkọ ojú méjì tí kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Tòkúnbọ̀ ni RAM, kí ló tún kù láti rò? Mo yọ méjèèjì, mo wé wọn sínú ọ̀rá, mo sọ fún Alhaji pé èyí tó ń ṣiṣẹ́ ti tó lò fún ọ̀sẹ̀ yẹn. A ra wàrà lójú ọ̀nà, a jẹ ẹ́ délé.

Mo pe ẹni tó tajà fún mi ní Ìkejà. Ọ̀rọ̀ tó sọ ò kúrò létí mi títí dòní: "Ọ̀gá mi, mo gbọ́ o, ma fi òmíràn ránṣẹ́. Àmọ́ RAM mi kì í kú ní méjì-méjì." Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọlọ́jà lásán ni.

Lọ́jọ́rú, Alhaji pè. "Ẹ̀rọ yín ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta, ó sì kú mọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́." Ó tún un tàn, ó ṣiṣẹ́ fún ogójì ìṣẹ́jú, gbọ̀ngàn kún, ó tún kú. Mo bi í bóyá iná ló ń ṣe ségesège. Ó ní ínfátà ló gbé e. Ooru nìyẹn. Watt 105 ni wọ́n ṣírò fún E5-2650 v4 kan. Ẹ rántí gílóòbù 100 watt ayé àtijọ́, èyí tó ń jó ìka bí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́. Irú ooru yẹn ló ń ti ara nǹkan tí kò ju bísíkíìtì kan lọ jáde. Heat sink ló yẹ kó gba ooru náà, kí fáànù sì fẹ́ ẹ jáde. Tí heat sink ò bá rí i gbà, fáànù á máa sáré, púrósẹ́sọ̀ á fúnra rẹ̀ dín iṣẹ́ kù, tí ooru bá ṣì ń gòkè, ẹ̀rọ á pa ara rẹ̀ kó má baà jóná. Mo ní kí wọ́n má jẹ́ kí ọmọ ju ọgọ́rùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan títí n ó fi dé.

RAM tuntun dé Ìlọrin lọ́jọ́ Àìkú, a wà ní Ọ̀fà ní Mọ́ńdè. Mo fi méjèèjì sí ojú méjì tó ṣófo. 112.

Ara mi tutù. Mo jókòó sórí àga ike tó wà níbẹ̀, mo wá ṣe ohun tí mi ò ṣe ní Sátidé. Mo mú méjì tí mo ti pè ní òkú jáde nínú ọ̀rá, mo fi wọ́n sí ojú púrósẹ́sọ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n jí. Mo mú méjì tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ wá sí ojú méjì yẹn. Wọ́n kú. RAM ò ní ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn, ojú ló ní. Mo yí ìdérí sáfà padà, nítorí wọ́n máa ń lẹ àwòrán mọ́ inú rẹ̀ tó ń fi ibi tí nǹkan wà hàn, èyí tí ọ̀pọ̀ wa kì í kà. Ọ̀nà mẹ́rin ni Xeon yìí fi ń lọ sọ́dọ̀ RAM, lórí bọ́ọ̀dù yìí ojú méjì wà lórí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ojú méjì tó kú, orí ọ̀nà kan náà ni wọ́n wà. Bí afárá bá já, ilé méjì tó wà lódìkejì á dá dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ọlọ́jà Ìkejà ti wí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà yẹn gba inú sọ́kẹ́ẹ̀tì kọjá, mo sì mọ igun tó kọ́kọ́ kanlẹ̀.

Kí n tó ṣí i, mo ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ lórí ẹ̀rọ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo wo ooru wọn. Púrósẹ́sọ̀ àkọ́kọ́ wà ní 57 lórí ìwọ̀n Celsius, èkejì ti dé 88, ó ṣì ń lọ. Mo ní kí wọ́n tan jẹ́nẹ́rétọ̀ bí iná tiẹ̀ wà, kí wọ́n sì gbé fìtílà tábìlì wá látinú ọ́fíìsì. Mo sọ fún Alhaji ohun tí mo rò. Mo ní, "Tí píìnì kan bá ti tẹ̀, ma gbìyànjú láti nà án. Tó bá kán sí mi lọ́wọ́, GB 16 yìí ò ní padà wá mọ́, àfi ká wá mọ́dábọ́ọ̀dù." Ó wò mí. "Ta ló tẹ̀ ẹ́?" Mo ní, "Èmi ni, sà." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ bá a ṣe. Mo fẹ́ lọ kírun." Wọ́n ti ń pe Alásárì.

A pa ẹ̀rọ, a yọ wáyà, a tú síkúrù mẹ́rin, mo yí heat sink díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì kí n tó gbé e, kí paste má baà fà á. Ohun tí mo rí lábẹ́ rẹ̀ kò nílò ìtumọ̀. Lápá ọ̀tún, paste ti fẹ́lẹ́ débi pé irin hàn nínú rẹ̀. Lápá òsì, ó ṣì ga, bí mo ṣe fún un látẹnu rẹ̀ ló ṣe wà, irin ò kàn án dáadáa rí. Ẹ mọ ìkòkò tó bá jókòó ẹ̀gbẹ́ kan lórí àárò, tí ìsàlẹ̀ kan ń jóná tí èkejì wà ní tútù. Iṣẹ́ paste ni kó dí àwọn ihò tíntìntín tó wà láàárín irin méjì, torí afẹ́fẹ́ tó bá wà níbẹ̀ kì í gbé ooru dáadáa. Kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣe tìmùtìmù fún irin tó dábùú.

Mo fi ọtí isopropyl àti aṣọ tí wọ́n fi ń nu awò ojú nu méjèèjì mọ́. Mo gbé férémù, mo yọ púrósẹ́sọ̀ tààrà sókè, mo wá mú tọ́ọ̀ṣì dání lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe látòkè. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé bí iná bá gba ẹ̀gbẹ́ wá, gbogbo orí píìnì á tàn ní ìlà-ìlà. Ẹni tó bá ti rí òfì tí wọ́n hun ní Ìlọrin rí mọ̀ pé òwú kan ṣoṣo tó bá yà kúrò nílà, ojú á lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ kó tó rí àwọn yòókù. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ìlà kẹta láti etí, nítòsí igun: àmì dúdú kan níbi tó yẹ kó tàn. Mo fi fóònù ya á, mo fà á tóbi. Píìnì kan ti dorí kodò sẹ́yìn, kò kan aládùúgbò rẹ̀. A dúpẹ́, torí bó bá kàn án, ó lè jẹ́ iná ni ì bá gbà lọ síbi tí kò yẹ.

Abẹ́rẹ́ ìránṣọ tó fẹ́lẹ́ jù ni mo lò, pẹ̀lú gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi. Mo fi ìdí ọwọ́ lé etí sáfà kó má baà gbọ̀n. Mo ti ẹnu abẹ́rẹ́ sábẹ́ orí píìnì náà, mo gbé e bíńtín, mo sinmi, mo wò ó. Mo tún gbé e bíńtín. Irin tó bá ti tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò fẹ́ kí wọ́n tún un tẹ̀ ní ìgbà púpọ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi ló di fìtílà mú, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Alhaji kírun tán, ó padà wá, kò bi mí ní nǹkan kan. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú kí orí píìnì náà tó tàn pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ṣì rẹlẹ̀ díẹ̀ sí wọn, ẹni tó bá mọ ibi tó wà ló lè rí i.

Mo mú púrósẹ́sọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mo wo onígun mẹ́ta, mo gbé e sọ̀ kalẹ̀ ní gbọọrọ. Ọwọ́ mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀pá méjèèjì tì. Mo fún paste ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí àárín, kò pọ̀ rárá, nítorí bí heat sink bá jókòó ire, òun fúnra rẹ̀ ló máa tẹ́ ẹ káàkiri. Mo wá kó síkúrù fún ọmọ iṣẹ́ mi. Mo ní, "Báwo ni fọkanáísà ṣe ń de nọ́ọ̀tì táyà?" Ó ní, "Èyí tó bá de, èyí tó kojú ẹ̀ ló kàn, ọ̀gá." Ó de gbogbo wọn ní díẹ̀díẹ̀, láti igun dé igun tó kọjú sí i, kó tó padà wá de wọn le. Bó ṣe yẹ kí èmi ọ̀gá ti ṣe é nìyẹn. A dá ike ńlá tó ń darí afẹ́fẹ́ padà sórí wọn. Ẹ má gbàgbé ike yẹn o. Heat sink irú sáfà yìí kò ní fáànù tirẹ̀, ìlà fáànù tó wà níwájú ló ń fẹ́ sí i. Tí ike ò bá sí níbẹ̀, afẹ́fẹ́ á gba ibi tó wù ú.

A tan án. Ẹ̀rọ bíi tirẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó jí, ó ń ka ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú yẹn sì gùn lójú mi ju ogójì tí mo fi nà píìnì lọ. GB 128. Mo tún ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ lórí rẹ̀ fún wákàtí kan. Àkọ́kọ́ 58, èkejì 61. Fáànù ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́.

Alhaji fẹ́ sanwó ọkọ̀ wa, mi ò gbà. Ó ní kí n gba ti ọmọ iṣẹ́ nígbà náà. Ọmọ náà gbà á kí n tó sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi ọmọ kún gbọ̀ngàn láti àárọ̀, ó tẹ àwòrán ojú ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp láìkọ ọ̀rọ̀ kankan sí i.

Ó wá ku Ìkejà. Mo pe ọlọ́jà mi, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo ní ma dá RAM méjì tó fi rọ́pò padà fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí n má ṣèyọnu lọ sí gáréèjì, kí n kàn sanwó wọn. Ó fi nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ ránṣẹ́ kí n tó gbé fóònù sílẹ̀. Mo san án. GB 8 méjì náà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, wọn ò ní àléébù kankan.